Floriane àti Ipò Kan Tó Kù

Orúnkún ọ̀tún Floriane Duvillaret ti rí ọ̀bẹ dókítà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi sikí, pátákó gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀, díje lórí yìnyín fún ilẹ̀ Faransé, kò sì gba ipò kìn-ín-ní rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gba ipò kẹta, kùrukùru sì bo òkè lọ́jọ́ náà débi pé fọ́tò rẹ̀ kò jáde dáadáa. Nínú ìwé ìjọba, aṣọ́bodè ni, nítorí iléeṣẹ́ aṣọ́bodè ló ń sanwó oṣù fún un kó lè máa díje. Àmọ́ kò tíì tú àpò ẹnikẹ́ni wò rí láyé.

Ká má parọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa jí ní aago márùn-ún nínú òtútù, ó rẹ̀ ẹ́ láti máa di ẹrù sọ́kọ̀, ó rẹ̀ ẹ́ láti máa gbọ́ "ọdún tó ń bọ̀ á dáa." Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń ṣe nǹkan láti ọmọ ọdún mẹ́ta kì í tètè mọ̀ pé ó ti rẹ òun. Á máa rò pé òtútù ló ń mú òun.

Ìdíje tó kẹ́yìn ọdún náà bọ́ sí oṣù kẹta, ní Montfroid, abúlé tí wọ́n bí i sí gan-an. Láàárọ̀, Kóòṣì Régis bá a sọ̀rọ̀ láìfepo bọyọ̀: ipò kan ṣoṣo ló kù nínú ẹgbẹ́ fún ọdún tó ń bọ̀, Floriane àti Lou-Anne, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló sì ń dù ú. Ẹni tó bá ṣáájú ẹnì kejì lónìí ló ni ín.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á sì ro àkókò méjèèjì pọ̀. Nígbà àkọ́kọ́, Floriane ṣe ipò ọgbọ̀n, èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí wọ́n gbà fún ẹ̀ẹ̀kejì. Lou-Anne ṣe ipò kẹrìnlélógún.

"Orí ẹ ló bá ẹ ṣe é!" ni Régis wí. "Ẹni tó ṣe ipò ọgbọ̀n ló máa kọ́kọ́ lọ. Oòrùn ti ń yọ́ yìnyín. Ìwọ lo máa bá ojú ọ̀nà tó mọ́, kòtò ni àwọn yòókù máa bá."

"Orúnkún mi ńkọ́, kóòṣì?"

"Orúnkún wo? Ṣebí irin ló kù síbẹ̀."

Floriane gbéra, ó sọ̀kalẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n wọ́n sórí yìnyín kó lè le ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pá pupa, ọ̀pá búlúù tí wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà, ó ń fi ojúgun gbá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń kọjá. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ariwo sọ.

Ẹni tó bá ń léwájú gbọ́dọ̀ lọ dúró sí àyè kan tí wọ́n fi okùn yí ká níwájú kámẹ́rà, kó máa rẹ́rìn-ín, títí ẹlòmíràn á fi lé e kúrò. Floriane dúró. Ẹnì kan sọ̀kalẹ̀, kò lé e bá. Ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tí ẹnì karùn-ún kùnà, Gaspard arúgbó tó ń ṣe wàràkàṣì kígbe láàárín èrò:

"Floriane, ṣé o ti ra ilẹ̀ síbẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Odile, ìyá rẹ̀, tó dúró lẹ́bàá okùn, kò rẹ́rìn-ín. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

Ó wá kan Lou-Anne. Ní ìdajì ọ̀nà, iná àwọ̀ ewé tàn lára pátákó: ọmọ náà ti ṣáájú! Ni Floriane bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń pariwo.

"Sáré! Sáré, ọmọ yìí! Jọ̀ọ́, má dúró!"

"Ẹ ò rí i bí inú rẹ̀ ṣe mọ́," ni Gaspard wí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú mímọ́. Tọkàntọkàn ni Floriane ń fẹ́ kí wọ́n lé òun kúrò níbẹ̀, kóun lè lọ jókòó. Nígbà tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù bà á.

Ó ku ọ̀pá mẹ́ta kí Lou-Anne parí nígbà tí sikí rẹ̀ kó sínú kòtò. Ó ṣubú yakata. Kò fara pa, àmọ́ ẹkún ló fi rìn dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pariwo fún mi."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Régis sáré dé, ó ń fò sókè. "Ipò ti di tìẹ! Oṣù kẹfà la ó tún bẹ̀rẹ̀!"

"Kóòṣì, ẹ kọ orúkọ Lou-Anne."

"Kí lo wí? Ṣebí ìwọ lo borí!"

"Ó ti rẹ̀ mí. Ó ti ń rẹ̀ mí tipẹ́."

Régis yíjú sí ìyá. "Màmá Floriane, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀."

"Fi í sílẹ̀, Régis," ni Odile wí. "Èmi gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó ń pariwo yẹn."

Floriane gbé okùn sókè. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ na ọwọ́ síwájú rẹ̀.

"Ẹ padà, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ ṣì ń léwájú! Kò sẹ́ni tó tíì lé yín!"

"Mo mọ̀," ni Floriane wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ okùn jáde. "Ìyẹn ni mo ṣe lè lọ."