Pákó Tí Enoch Tranter Fi Dáná

Enoch Tranter kì í bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti bá irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ gbé rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: ilé lè máa jó lé e lórí, kó ní iná náà ò tíì le. Àmọ́ kì í ṣe inú ilé ló ń gbé, inú ọkọ̀ ojú omi ni. Ọkọ̀ onírin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gùn gbọọrọ, èèyàn méjì ò sì lè kọjá lára wọn nínú ẹ̀ láìtọrọ gáfárà. Inú ọkọ̀ yìí lòun àti Beryl ìyàwó ẹ̀ ti tọ́ Glenys ọmọ wọn dàgbà, ibẹ̀ náà ni Beryl kú sí. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó so ọkọ̀ náà mọ́ bèbè kánáàlì, odò àfọwọ́gbẹ́ kan ní Shropshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí afárá olókùúta kan, ó ní òun ò lọ síbì kankan mọ́. Èmi ni mo so tèmi mọ́ ẹ̀yìn tiẹ̀. A ti jẹ́ aládùúgbò pẹ́ débi pé bó bá wúkọ́, mo mọ̀ bóyá òtútù ni tàbí sìgá.

Àwa tí à ń gbé orí omi yìí, a kì í fẹnu bèèrè àlàáfíà ara wa. Ọ̀pá èéfín là ń wò. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lásìkò òtútù, tí o yọ orí síta, tí o rí i pé èéfín ń jáde lórí ọkọ̀ ẹnìkejì, o ti mọ̀ pé ó jí, o sì lè padà sídìí tíì rẹ. Bí o ò bá rí èéfín, o gbọ́dọ̀ lọ kan òrùlé ẹ̀. Nǹkan kejì tí à ń wò ni pákó. Ní apá odò tiwa, pèpéle òkúta kan wà lábẹ́ omi tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀, nítorí náà orí pákó ni gbogbo wa ń gbà bọ́ sílẹ̀. Bí pákó bá wà níta, àlejò lè wá. Bí onílé bá ti fa pákó ẹ̀ wọlé, kò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni nìyẹn, kí kálukú yáa gba ọ̀nà ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yìí sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń rú u. Èmi tí wọ́n bí sí Ìkirè, níbi tí aládùúgbò ti ń wọlé kó tó kágò, ó pẹ́ kó tó mọ́ mi lára.

Nọ́ọ̀sì ni Glenys, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ń ṣe. Láràárọ̀ tó bá ń lọ sílé, orí afárá wa ló ń gbé mọ́tò ẹ̀ gbà. Láti ìgbà tí bàbá ẹ̀ ti yọ̀ ṣubú lórí yìnyín tí egungun ìbàdí ẹ̀ ṣẹ́, ọkàn ọmọ yẹn ò balẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, bàbá ní ó di ìgbà tóun bá kú. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, ó wá di àdéhùn, ojú mi ló sì ṣe.

"Dádì, ẹ gbọ́," Glenys ní. "Lọ́jọ́ tí mo bá kọjá lórí afárá yẹn tí mi ò rí èéfín, ilé mi lẹ máa sùn lọ́jọ́ náà, a ó sì ta ọkọ̀. Mi ò ní jà, mi ò ní pariwo. Ṣé ẹ gbà?"

"Mo gbà," ni bàbá wí. "Ilé ẹ yẹn ló kàn gbóná jù."

"Nítorí kó lè gbóná ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, Dádì."

Ọdún yẹn ni kánáàlì wá dì. Lákọ̀ọ́kọ́ ó kàn rí bí ọ̀rá tó dì sójú ọbẹ̀ àná. Nígbà tó yá, pẹ́pẹ́yẹ ń rìn lórí ẹ̀, ojú sì ń tì wọ́n. Yìnyín náà gbé pẹ́pẹ́yẹ, kò lè gbé èèyàn, ó sì ti nípọn ju kí ọkọ̀ là á kọjá. Dilys tó máa ń fi ọkọ̀ kó èédú wá tà fún wa há sọ́nà òkè, kò lè lọ, kò lè bọ̀. Ó fi fóònù sọ fún gbogbo wa pé ká ṣe sùúrù, bí ẹni pé nǹkan mìíràn wà tí a lè ṣe.

Tèmi ò ká mi lára. Mo bẹ̀rù òtútù ju bí mo ṣe bẹ̀rù ikú lọ, láti oṣù kẹwàá ni mo sì ti to àpò èédú jọ sórí òrùlé mi títí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù ni Bàbá Tranter, òun gan-an ló sọ mí ní Ìyá Eléèédú. Ó ní ṣé n ó máa gbé e lọ sọ́run ni. Nítorí náà, nígbà tí èédú tiẹ̀ tán, ọkọ̀ tó wà nítòsí tó ní èédú ni ọkọ̀ kan ṣoṣo tí kò lè fẹnu ẹ̀ tọrọ nǹkan níbẹ̀.

Ohun tó ṣe, òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá. Ó kọ́kọ́ sun igi wẹ́wẹ́ tó wà nílẹ̀. Ó sun pẹpẹ ìwé, ó sun àga. Ó sun ọ̀pá gígùn tó fi ń ti ọkọ̀ kúrò ní bèbè, ó ní ṣebí ọkọ̀ ò lọ síbì kankan. Ó wá wo pákó tó ń gbà bọ́ sílẹ̀, ó rí i pé igi gidi ni, ó gbẹ dáadáa, ó fà á wọlé, ó là á, ó kó o sínú ààrò. Ó ní iná tó dáa jù lọ nínú gbogbo òtútù yẹn ni. Ìgbà tó jókòó tì í tó ń yáná ló tó rántí ohun tí pákó náà wà fún.

Kò lè fò sílẹ̀ pẹ̀lú ìbàdí yẹn. Kò sì ní pè wá. Àwa tí a wà níta, kí la rí? A rí èéfín, ara ẹ̀ le. A ò rí pákó níta, kò fẹ́ àlejò. Nǹkan méjèèjì tí à ń wò ló sọ fún wa pé ká fi ọkùnrin náà sílẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí.

Síbẹ̀ mo dúró lórí bèbè lọ́jọ́ kan, mo ké sí i pé bó bá fẹ́ èédú, ó wà lọ́dọ̀ mi. Ó ṣí fèrèsé díẹ̀.

"Tọ́jú ẹ̀, Ìyá Eléèédú," ó ní. "Oṣù kẹta ṣì ń bọ̀."

Ó pa fèrèsé dé. Mo pòṣé, mo bá tèmi lọ. Glenys náà ń kọjá láràárọ̀, ó ń rí èéfín, ó ń fọn fèrè mọ́tò, bàbá ẹ̀ á yọ ọwọ́ síta á jù ú sí i. Bó bá pè é lórí fóònù, tó bi í bóyá èédú wà, á ní ó wà. Kò parọ́, ó wà lórí òrùlé mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan èéfín ẹ̀ ń rùn bí ọ̀dà, mo sì ń ráhùn pé kí ló dé tí bàbá yìí ń sun ìdọ̀tí sí wa nímú. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni.

Níkẹyìn ó ku nǹkan onígi kan ṣoṣo nínú ọkọ̀. Àpótí ìjókòó kan ni, tí Beryl fi ọwọ́ ara ẹ̀ kùn nígbà tó wà nínú oyún Glenys: òdòdó róòsì yí i ká, ilé ọba kan wà láàárín, odò ń ṣàn níwájú ẹ̀. Bàbá mú àáké, ó gbé e sílẹ̀. Ó tún mú un, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní nígbà tó yá, òun jókòó lórí àpótí náà, nítorí kò sí àga mọ́. Ó jókòó síbẹ̀ títí iná fi kú. Ó wá di aṣọ ẹ̀ sínú báàgì.

Ilẹ̀ mọ́, mo yọ orí síta, mi ò rí èéfín. Mo fa pákó tèmi yọ, mo gbé e léjìká, mo sáré. Kí n tó débẹ̀, mọ́tò Glenys ti dúró lórí afárá, ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, òun náà ti dúró lórí bèbè nínú aṣọ iṣẹ́. Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ pẹ̀lú kóòtù, fìlà àti báàgì.

"Dádì, pákó dà?"

"Mo ti fi dáná."

"Ẹ ti fi kí ni dáná?"

"Pákó. Ó jó dáadáa."

Glenys wò mí. Èmi ń wo yìnyín.

Mo tẹ́ pákó mi, a wọlé. Inú ọkọ̀ tutù ju ìta lọ. Agolo ẹ̀wà tò sílẹ̀, fóòmù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù lanu sílẹ̀. Àárín gbogbo ẹ̀ ni àpótí Beryl wà, òdòdó ẹ̀ pé, ilé ọba ẹ̀ pé. Glenys dúró, ó ń wò ó.

"Ẹ sun bẹ́ẹ̀dì," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sun ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

"Ṣebí èmi nìkan ló ń lò ó."

"Ẹ ò wá sun eléyìí."

Bàbá yí ojú sí fèrèsé. "Ìyẹn ò dáa fún iná," ó ní. "Ọ̀dà ti pọ̀ jù lára ẹ̀." Àánú ẹ̀ ṣe mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Mo bi í bóyá èédú orí òrùlé mi ní àrùn lára ni. Ó ní òun mọ̀ pé bóun bá tọrọ ẹ̀, n ò ní jẹ́ kóun gbádùn títí òun á fi kú, òun sì rí i pé òótọ́ ni.

Ó wá gbé báàgì ẹ̀. "Àdéhùn ni àdéhùn," ó ní. "Kò sí èéfín. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Èmi ni Glenys kọjú sí, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé àpò èédú kan." Mo gbé e wá. Ó kúnlẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ ẹ̀, ó kó eérú, ó to bébà, ó to èédú lé e, ó ṣáná sí i, ó yí ojú ihò afẹ́fẹ́ ààrò láìwò ó. Ọmọ inú ọkọ̀ ni, kò sẹ́ni tó ní láti fi hàn án. Ó na ọwọ́ sí iná náà, ó sì sọ̀rọ̀ láìyíjú padà.

"Iṣẹ́ pọ̀ lálẹ́ àná," ó ní. "Oorun ń kun mí nígbà tí mo ń kọjá lórí afárá. Mi ò tiẹ̀ wo apá ibí."

Bàbá ronú sí i. "Mọ́tò ẹ ló dúró lórí afárá yẹn," ó ní.

"Ó yọ̀ ni."

"Ilẹ̀kùn ẹ̀ wà ní ṣíṣí."

"Ẹ jókòó, Dádì."

Bàbá gbé báàgì sílẹ̀. Orí fóòmù ló jókòó sí, ó ti àpótí Beryl sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tí Dilys sì ti kọjá, Glenys di pákó tuntun mọ́ orí mọ́tò wá. Èmi ni mo bá a gbé e sọ̀kalẹ̀, ó fúyẹ́ lọ́wọ́. Bàbá yí i padà, ó fi ìka kàn án, ó bèèrè irú igi tó jẹ́. Glenys ní kì í ṣe igi, irin ni. Bàbá ní òun rí i, wọn ò fọkàn tán òun. Ó gbé e jáde, ó tẹ́ ẹ sórí bèbè, ó tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ yẹn, kò fà á wọlé mọ́.