Àdán Ló Bí Irú Tí À Ń Jẹ

Bí mo bá kú, wọn yóò dìde níbi ìsìnkú, wọn yóò ní èmi àti ẹbí ọkọ mi gbé ní àlàáfíà. Irọ́ ni. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ mi ṣì lè kọ̀wé.

Igi irú kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Gyellesu, lókè ọya níbí. Bí ọyẹ́ bá ti ń lọ, òdòdó rẹ̀ á máa rọ̀ sílẹ̀ lórí okùn gígùn, pupa roboto, bíi bọ́ọ̀lù ọmọdé. Bí oòrùn bá ti wọ̀, àwọn àdán á dé, wọn á rọ̀ mọ́ òdòdó, wọn á máa lá omi dídùn inú rẹ̀. Ìyẹ̀fun òdòdó á bo irun ojú wọn, òun ni wọ́n ń gbé lọ sórí òdòdó mìíràn kí igi tó lè so. Oyin ń ṣe díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ àdán ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ẹranko àti ewéko. Mo mọ ohun tí mò ń wí.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin kò bèèrè lọ́wọ́ mi. Egbò kan wà lẹ́sẹ̀ ọkọ mi tí kò jinná. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, àmọ́ obìnrin yìí rí àdán, ó sì rí èmi.

"Ìyàwó," ó ní, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo dàgbà jù, "àwọn ẹgbẹ́ ẹ tún ti dé o."

"Ẹgbẹ́ wo, ọkọ mi?" Ẹni tí a bá nílé ọkọ, ọkọ ni, ì báà jẹ́ obìnrin.

"Ẹyẹ tó ní eyín. Bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bùrọ̀dá sílẹ̀."

Lọ́dún yẹn, ó kó àwọn ìyá ìjọ rẹ̀ wá láti Sabon Gari. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á da ata gbígbẹ sórí ẹ̀yinná lábẹ́ igi. Àdán sá lọ, èmi náà ń húkọ́ nínú yàrá. Ọkọ mi, tó kàwé jù mí lọ, ní kí n ní sùúrù. Mi ò tíì dárí ìyẹn jì í, bó tilẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀.

Nígbà tó yẹ kí èso gbó, péréte ló so. Ṣé ẹ rò pé ojú tì wọ́n?

"Kai! Ẹ wò ó!" Àbúrò ọkọ mi fọwọ́ lé ìbàdí. "A lé wọn, wọ́n bá fi ìbínú jẹ gbogbo èso. Ìyàwó, a máa gé igi yìí."

Ó mú ọkùnrin kan tó ní ayùn wá. Mo gbé àga sí ìdí igi, mo fẹ̀yìn tì í, mo ń ṣa ìrẹsì.

"Haba, Màmá, ẹ dìde," ọkùnrin náà bẹ̀ mí.

Mo ní kó kọ́kọ́ gé mi ná. Àbúrò ọkọ mi pariwo títí ohùn rẹ̀ fi ha; aláyùn gbé ayùn lé èjìká, ó lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní àjẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń dúró kí wọn kí n tó kọjá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó jó ata. Àdán padà, igi so títí ẹ̀ka fi ń tẹ̀. Ọkọ mi ti kú nígbà náà. Mo se irú, mo tẹ̀ ẹ́ bó, mo bò ó títí ó fi ta sánsán. Òórùn yẹn ló fa àbúrò ọkọ mi wọlé, tòun ti abọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o! Irú gidi nìyí. Ti ọjà yìí, iyanrìn ni."

"Àjẹ́ ló sè é."

"Ẹ̀yin náà! Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán?"

"Ẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọkọ mi, ẹ sọ fún wọn pé irọ́ lẹ pa mọ́ mi. Kí ẹ wá padà wá gba irú."

Ó pòṣé, ó lọ. Kò tíì sọ ọ́ di òní. Ní ọjà Sabon Gari ló ti ń ra irú báyìí, irú tí àdán ẹlòmíràn bí, ó sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú iyanrìn rẹ̀.