Ìbéèrè Kan Ṣoṣo Tí Wọ́n Bi Sànúsí

Ó di ọjọ́ kẹta tí Sànúsí Àjàgbé ti òkè òkun dé sí ilé wọn ní Ìlódè, àwọn èèyàn kò tíì yé wá kí i. Oṣù Kejìlá ọdún 1986 ni, ọyẹ́ ti mú, eruku sì ti bo orí páànù gbogbo àdúgbò. Bí àwọn kan ṣe ń jáde ni àwọn mìíràn ń wọlé, ìbéèrè kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: ìgbà wo ló ń padà? Sànúsí á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ó di ọdún tuntun. Irọ́ ni. Kò sí ibi tó ń padà lọ. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé tó fi ń gbé lọ́hùn-ún ti tán, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àtìyàwó àtìyá.

Ó rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ìyẹn kì í ju ọjọ́ méjì lọ. Àárẹ̀ ẹni tó fi odidi ọdún méjì máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ ni, tó wá sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù, tí kò sì rí i sọ dáadáa.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀lẹ ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀. Taípíìsì ni Sànúsí ní yunifásítì, ọdún mẹ́tàlá ló sì fi ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán mọ́rán. Àwọn olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí rẹpẹtẹ á gbé iṣẹ́ wọn wá, Sànúsí á bá wọn tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, kò sì ní sọ ọ́ síta. Nígbà tó di ọdún 1984 tí owó oṣù kò ra nǹkan gidi mọ́, òyìnbó ará Họ́láńdì kan tó wá ṣèwádìí nípa oko kòkó, tí Sànúsí bá a tẹ gbogbo ìwé rẹ̀, kọ lẹ́tà sílé nítorí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní ìlú Rọ́tádáàmù ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbà á fún ọdún méjì.

Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e débẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì ràn án lọ́wọ́ kọjá ẹnu ọ̀nà ọ̀fíìsì. Bó bá ti jáde báyìí, èdè àwọn onílẹ̀ ni wọ́n ń sọ nínú ọkọ̀, òun ni wọ́n ń sọ lọ́jà, òun náà ni wọ́n fi kọ gbogbo ìwé tí wọ́n ń jù sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó kúkú ń lọ kọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti la ẹnu, tí wọ́n gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, kíá ni wọ́n á ti bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rò pé àwọn ń ṣàánú rẹ̀ ni. Lọ́sàn-án, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa jẹ búrẹ́dì tútù. Wọ́n á kí i ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á bi í bóyá òtútù kò pa á jù, lẹ́yìn náà wọ́n á padà sí èdè wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Sànúsí náà á rẹ́rìn-ín. Bó bá fi máa délé nírọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti máa ro ó.

Ohun kan ló jẹ́ kó fara dà á. Ó fẹ́ kí Ṣàkírátù ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá bá òun. Ilé-iṣẹ́ nìkan ló lè bá a gba ìwé wọn, àfi tí wọ́n bá sì fi kún ọdún méjì rẹ̀ ni wọ́n tó lè gbà á. Nínú oṣù Kẹsàn-án tó ti gbọ́ ọ fìrìfìrì pé wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ òun, kò lè mú un mọ́ra. Ó kọ̀wé sí Ìlódè pé ó jọ pé gbogbo wọn á jọ máa gbé láìpẹ́.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Mísítà Bákà, ọ̀gá rẹ̀, àgbàlagbà onírun funfun, wá bá a nídìí tábìlì.

"Sànúsí, ọdún méjì rẹ ti ń tán lọ. Ṣé wàá fẹ́ bá wa ṣe ọdún mẹ́ta sí i? A lè bá ọ gba ìwé fún ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ."

Ọkàn Sànúsí fò sókè. Ohun tó ti ń fi ìrun bẹ Ọlọ́hun fún láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ nílé onílé, o ò ní sáré nawọ́ sí i bí ẹni tí wọn ò fún lóúnjẹ nílé. Wàá ní o ti yó. Onílé á ní rárá o, jẹun jàre. Wàá ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wàá wá ní kí wọ́n bu omi kí o fọwọ́. Àgbàlagbà ló dúró síwájú Sànúsí yìí, nǹkan ńlá ló sì fi lọ̀ ọ́. Ó dìde, ó tẹrí ba.

"Ẹ ṣeun gan-an ni, sà," ló wí. "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu nítorí tèmi."

Mísítà Bákà wò ó díẹ̀. "Ó dáa, ó yé mi," ló wí, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Inú Sànúsí ń dùn ṣìnkìn. Ó jókòó, ó ń retí ẹ̀ẹ̀kejì. Ó retí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó retí rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ó wá ń mú ìwé tí kò kánjú lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, kó lè rí òun, kó lè rántí. Mísítà Bákà á kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, á sọ̀rọ̀ òjò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá láti Ìlú Ọba, wọ́n ní kí Sànúsí fi iṣẹ́ hàn án. Ọkùnrin yìí rò pé igbákejì ni wọ́n gbà fún òun! Ó fi tọkàntọkàn kọ́ ọmọ náà, títí kan irú lẹ́tà tí kápútéènì kọ̀ọ̀kan kì í fẹ́ rí. Ọmọ náà ló fẹnu ara rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé iṣẹ́ wo ló máa ṣe tó bá délé.

"Ilé wo?" ni Sànúsí béèrè.

Ó sáré wọ ọ̀fíìsì ọ̀gá. Ojú Mísítà Bákà yí padà. "Ṣebí mo bi ọ́, Sànúsí. O ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu." Ó ní òun rò pé àárò ilé ló ń sọ ọ́, òun ò sì fẹ́ máa rọ àgbà ọkùnrin lórí ohun tó ti sọ pé òun ò fẹ́. Ọmọbìnrin náà ti fọwọ́ síwèé. Àyè kan ṣoṣo ló wà.

Ohun tó gbé wálé lábẹ́ gbogbo ẹ̀bùn tó pín nìyẹn. Èyí tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé télọ̀ ni Ṣàkírátù, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan tó dára ní Mayfair, láàárín ìlú níbí. Lẹ́tà oṣù Kẹsàn-án yẹn ló gbára lé tó fi gbé ṣọ́ọ̀bù náà fún Olúwatóyìn, àbúrò kan tí wọ́n jọ ń ránṣọ, tó sì gbé maṣíìnì rẹ̀ wálé pé kí wọ́n bá òun tà á.

Lọ́jọ́ kẹwàá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Sànúsí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣàkírátù ti ìta dé, ó gbé àpòòwé kan lé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Mùtíátù, fọ́tò ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ nìyí o. Mo ní kí wọ́n ya mẹ́rin-mẹ́rin, kó má di pé kò tó."

Sànúsí wo ojú àwọn ọmọ náà nínú fọ́tò, wọ́n tò wọ́n gígún régé, wọ́n ti fi ìpara pa wọ́n lójú. Kò lè gbé e mọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi yín?" ni Ṣàkírátù béèrè.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ẹ ò sì padà tọ̀ ọ́ lọ lọ́jọ́ kejì?"

"Mo rò pé yóò tún bi mí ni."

Ṣàkírátù kò pariwo. Ó kó àwọn fọ́tò náà padà sínú àpòòwé. Ìyá ló sọ̀rọ̀.

"Òyìnbó àgbà yẹn fi nǹkan tó tó báyẹn lọ̀ ọ́, o ò sáré gbà á?"

"Mi ò sáré gbà á, Ìyá."

"O káre, ọmọ mi. O ò dójú tì mí. Fi í sílẹ̀, yóò tún bi ọ́."

Sànúsí fẹ́ ṣàlàyé fún un pé lọ́hùn-ún wọn kì í bi èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n àlàyé náà jìn, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ jù. "Àmín, Ìyá," ló wí.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, Ṣàkírátù ní kó sin òun dé Mayfair. Olúwatóyìn fo dìde bó ṣe rí wọn, ó kúnlẹ̀, ó fún wọn lága. Nígbà tó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, ó fọwọ́ lérí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Mùtíátù. Ṣé ẹ kúkú máa gbé maṣíìnì yín padà wá síbí? Àyè máa gba àwa méjèèjì."

"Mo gbà," ni Ṣàkírátù wí. "Ọ̀la ni mò ń gbé e bọ̀."

Olúwatóyìn, tó ti la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́, pa ẹnu dé. Ojú ti Sànúsí débi pé kò lè wo ojú obìnrin náà nígbà tí wọ́n ń dágbére. Wọ́n rìn díẹ̀ lójú ọ̀nà Ìlódè, kò lè pa á mọ́ra.

"O ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì," ló kùn sí i.

Ṣàkírátù dúró. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó kàn ń wò ó, títí Sànúsí fi gbọ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ara rẹ̀ jáde.