Ọjọ́ Tí Atẹ́gùn Gbé Dírẹ́fà Lọ

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ láti yá kẹ̀kẹ́, kò ní kọ́kọ́ bi yín níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Á gbójú sókè wo aṣọ pupa kan tó so mọ́ orí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ibi tí aṣọ náà bá ń fẹ́ sí, á nawọ́ sí òdìkejì rẹ̀, á ní, "Ọ̀hún ni kẹ́ ẹ gbà." Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀hún kọ́ lẹ fẹ́, á ní kẹ́ ẹ jókòó mu omi ná, kí ara yín balẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Kò sí òkè, kò sí ọ̀gbun. Àlejò á wò ó, á ní kí ló tún lè le nínú èyí. Ìyá á ní, "Atẹ́gùn ni òkè tiwa. Tẹ́ ẹ bá kọjú sí i láàárọ̀ tí ara ṣì le, á tì yín wálé nígbà tó bá rẹ̀ yín. Tó bá tì yín lọ, ẹ̀yin lẹ máa tì í bọ̀."

Búrẹ́dì àti tíì lèmi ń tà, ògiri kan ló pín wa. Téṣàn rélùwéè àtijọ́ ni ilé náà. Nígbà tí wọ́n pa ọ̀nà rélùwéè tì, wọ́n hú irin kúrò, wọ́n da ọ̀dà sójú ọ̀nà, wọ́n wá ri òpó irin mọ́ gbogbo ẹnu rẹ̀ kí mọ́tò má baà wọ̀ ọ́. Kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ló ń gbà á. Ọ̀nà náà lọ sápá odò, ó tún lọ sápá ilé ìlọ̀kà, àwa wà láàárín. Yàrá tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn ni Ìyá kó kẹ̀kẹ́ sí. Táyà kọ́ sára ògiri, ṣéènì ń mu epo nínú ike, ihò tí wọ́n ń gbà na tíkẹ́ẹ̀tì síta ni Ìyá ń gbà yọjú síbi tí mo wà tó bá fẹ́ tíì.

Ọkọ rẹ̀ ló wa rélùwéè tó kẹ́yìn lọ́nà náà. Dírẹ́fà la ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sóhun tó ń wà mọ́. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́kàn. Dókítà ní kó máa gun kẹ̀kẹ́, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, kó má sì jáde láìmú oògùn tí wọ́n ní kó máa fi sábẹ́ ahọ́n tí àyà bá fún un. Dírẹ́fà gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn, Ìyá gbọ́ ìdajì tó kù.

Lọ́sàn-án Sátidé tí mò ń sọ yìí, Ìyá ń lẹ táyà tó jò nígbà tí Dírẹ́fà ti kẹ̀kẹ́ jáde.

"Ẹ wo aṣọ o, Bàbá," Ìyá ló sọ bẹ́ẹ̀. "Apá odò ni. Tẹ́ ẹ bá dé ibi afárá, kẹ́ ẹ yí padà."

"Èmi tí mo mọ ọ̀nà yìí bí ẹní mọ ẹnu ara rẹ̀? Aṣọ àkísà ló máa wá fi ọ̀nà hàn mí?"

"Rélùwéè lẹ mọ̀. Rélùwéè ò mọ atẹ́gùn."

"Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Kí ló tún kù tó fẹ́ fi hàn mí?"

A rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rín in, ẹ̀rín yẹn ló padà ń dùn ún jù.

Ohun tí Dírẹ́fà fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi ni pé apá odò lòún kọ́kọ́ gbà lóòótọ́. Atẹ́gùn gbá a lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ó wá rò ó pé àbí báyìí lòún ṣe máa rí títí tóun fi máa kú. Ló bá yí padà, ó gba ẹ̀yìn ilé kọjá, ó kọrí sí ilé ìlọ̀kà. Bó ṣe yí padà báyìí, kẹ̀kẹ́ fúyẹ́. Kò gbọ́ ariwo atẹ́gùn létí mọ́, ó rò pé ó ti rọlẹ̀ ni.

Ìgbà tí Ìyá fẹ́ nu ọwọ́ ló rí ìgò oògùn náà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tí Dírẹ́fà fi mumi. Ó sáré wọlé. Fóònù bàbá wà lára iná, ó ń gba iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí nǹkan ò kàn.

"Kò tíì pẹ́ tó lọ," mo sọ fún un. "Ibi afárá ò jìnnà."

"Ó yẹ kó ti dé," ló fi dá mi lóhùn.

Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin arìnrìn-àjò kan fi yọ láti apá ilé ìlọ̀kà, ó di ẹrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Mo fún un ní tíì.

"Atẹ́gùn yìí fẹ́ pa mí," ló wí. "Àmọ́ mo pàdé bàbá kan lọ́nà, ó ń kọrin. Mo ní, bàbá, ẹ yí padà o, atẹ́gùn ń le sí i. Ó ní òun ti ń gba ibí yìí kí wọ́n tó bí bàbá mi."

Ìyá sún mọ́ ọn. "Irú fìlà wo ló dé?"

"Fìlà dúdú, èyí tó ní bọ́tìnnì irin níwájú."

Fìlà rélùwéè nìyẹn. Ìyá wo aṣọ tó wà lórí òpó. Ó ti nà gbọọrọ bíi pátákó.

Ó di kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ mú, ó tún fi í sílẹ̀, ó lọ wọ́ kẹ̀kẹ́ ìjókòó méjì jáde, èyí tó ń yá àwọn tọkọtìyàwó. Mo ní ìyẹn wúwo jù fún un láti nìkan wà.

"Tí mo bá bá a tí kò lè gun kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Kí ni màá fi gbé e? Kánsù ló ní kọ́kọ́rọ́ àwọn òpó irin tí kì í jẹ́ kí mọ́tò wọ ọ̀nà yẹn, òní sì kọ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi pe ọkọ ọmọ mi, kó gbé mọ́tò rẹ̀ wá dúró síbí."

Ó ki oògùn bọ àyà, ó lọ.

Ó sọ fún mi pé òun ò bẹ̀rù tó báyẹn rí láyé òun. Kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó fà á lẹ́sẹ̀ ń sáré bí ẹni pé ẹnì kan ń tì í. Bó ṣe ń rọrùn fún un tó, bẹ́ẹ̀ ni àyà rẹ̀ ń já tó, torí ó mọ̀ pé bó ṣe rọrùn fún Dírẹ́fà náà nìyẹn. Bó bá dé téṣàn àtijọ́ kan, á ní ibí ni Dírẹ́fà máa ti sinmi. Kò síbẹ̀. Á ní ó di iwájú. Ọkà nìkan ló ń tẹ̀ ba lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ojú ọ̀nà sì gún lọ títí, kò sẹ́nì kan lórí ẹ̀. Ó ní òun ń dá sọ̀rọ̀, òun ń ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, Olúwa, ẹ má jẹ́ kí n rí i."

Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ rí, ó dùbúlẹ̀ sínú koríko. Kò sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lórí pèpéle téṣàn tó gbẹ̀yìn ló ti rí Dírẹ́fà, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà, ojú rẹ̀ funfun bí eérú.

"O pẹ́ kó o tó dé," Dírẹ́fà ló wí bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa.

"Ẹ yanu, Bàbá. Ẹ gbé ahọ́n sókè."

Ó fi oògùn sí i. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo ojú rẹ̀ bí ẹní ń wo ìkòkò tí kò fẹ́ kó gbóná jù. Nígbà tó pẹ́, àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

"Mo rò pé ara mi ti yá ni," ó ní. "Mi ò tiẹ̀ láàgùn. Mo ní tí mo bá délé, o ò ní máa ṣọ́ mi bí ẹyin mọ́. Ìgbà tí mo wá yíjú padà sílé ni mo tó mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo ń sáré."

Ìyá dìde. Ó fa kẹ̀kẹ́ ìjókòó méjì wá.

Dírẹ́fà lọ dúró síwájú.

"Ẹ̀yìn ni tiyín."

"Mi ò jókòó sẹ́yìn rí láyé mi."

"Ẹ̀yìn mi ni atẹ́gùn ò ní dé. Ẹ má wa nǹkan kan, ẹ kàn gbé ẹsẹ̀ lé e."

Ó lọ sẹ́yìn.

Ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni wọ́n gbà, ó wá di òkè. Ìyá tẹ̀ ba, ó ń wa kẹ̀kẹ́, omi ń jáde lójú rẹ̀ nítorí atẹ́gùn. Kò lè bojú wẹ̀yìn, kò gbọ́ mímí ọkọ rẹ̀. Ó wá pariwo, ó ní, "Bàbá, ẹ máa pe téṣàn fún mi bá a ṣe ń dé ibẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń pè é fún èrò nígbà yẹn."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ ṣáà máa pè é."

Bí wọ́n ṣe dé téṣàn onírúgbìn, ó pè é. Bí wọ́n ṣe dé ti ilé ìlọ̀kà, ó pè é, ó tiẹ̀ fi kún un pé kí àwọn tó ń sọ̀ má gbàgbé ẹrù. Ìyá ń wà á lọ. Wọ́n dé ilé bíríkì kékeré kan. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún fetí sílẹ̀ bó ṣe ń wà á. Kò gbọ́ ohunkóhun. Ó fi búrèkì mú kẹ̀kẹ́ débi pé táyà ké, ó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó yíjú padà.

Dírẹ́fà ń wò ó. "Kí ló dé?"

"Ẹ ò pe èyí."

"Kì í ṣe téṣàn. Ilé tí wọ́n ń kó ṣọ́bìrì sí ni."

Ìyá gbé orí lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín lòún ń rín àbí ẹkún lòún ń sun, àwọn méjèèjì jọ jáde ni.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ ọmọ wọn ti ṣílẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀. Mo di kẹ̀kẹ́ mú kí wọ́n lè sọ̀. Dírẹ́fà ò kí ẹnì kankan. Ó gbójú sókè wo aṣọ orí òpó, ó wò ó pẹ́, kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sọ́sípítù.

Wọ́n dá a dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n yí oògùn rẹ̀ padà, ó délé. Òun ló ń jókòó síta báyìí tó ń sọ fún àwọn àlejò pé ọ̀hún kọ́, apá ibí ni kí wọ́n gbà. Ìyá ní tòótọ́ ni ara rẹ̀ ń yá sí i. Àmọ́ mo wà lódìkejì ògiri, mò ń gbọ́. Tí Dírẹ́fà bá wọnú ilé tó dákẹ́ jù, Ìyá á dá iṣẹ́ dúró, á ké sí i láti ibi kẹ̀kẹ́ pé, "Téṣàn wo la wà?"

A máa ń dákẹ́, èmi àti Ìyá, títí á fi dá a lóhùn.