Fíùsì Tó Ń Jó Lẹ́yìn Hezekiah

Lọ́dún 1963, bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń gun òkè Màpó láìgbójú sókè, tó gbé àkàbà léjìká bí ẹni tó ru pósí ara rẹ̀, Hezekiah oníṣẹ́ iná ni. Ará Oníyanrìn ni, Aládùúrà ni, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Ilé Alàájì Gàfárù ní Bẹẹrẹ ló kó o sí wàhálà. Alàájì gbẹ́ kànga, ó gbé táńkì sókè, kí omi àlùwàlá má baà wọ́n ará agboolé. Hezekiah so bọ́ọ̀lù kan sínú táńkì: bí omi bá kún, bọ́ọ̀lù á léfòó, waya inú ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì sọ fún bọ́kísì fíùsì tó wà nísàlẹ̀ pé kó dá páńpù dúró. Àmọ́ bí Hezekiah bá ti lọ, waya á kan ara wọn, fíùsì á jó. Bó bá padà dé, iná á tòrò bí ọmọ kéú tó rí àfáà.

"Bóyá ojú rẹ ló ń bà á lẹ́rù," ni Alàájì wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Tó bá tún jó, mo máa ní kí ará Èkó wá tú u. Gbogbo Bẹẹrẹ á gbọ́ pé o ò mọṣẹ́."

Ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, kó yáa lọ máa gbin ẹ̀gẹ́.

Ó tún jó. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Hezekiah dé láìgbé àkàbà. Èjìká ti kọ̀. Ó pààrọ̀ fíùsì, ó tan iná. Fíùsì jó lójú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúpẹ́. Ó tú waya bọ́ọ̀lù kúrò lára bọ́kísì, ó fi fíùsì tuntun sí i, ó tún tan iná: kò jó. Bọ́kísì jàre. Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ó ti pààrọ̀ ìyẹn rí. Ó ku waya inú ògiri. Ó dá waya náà padà, fíùsì tún jó; ó ní kí wọ́n yá òun ní àkàbà.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé Bàbá sọ̀kalẹ̀ ná," ni Kúlúsúmù, ìyáálé ilé, wí. "A kì í gun àkàbà kọjá orí wọn."

Fọ́tò olóògbé bàbá Alàájì ni, nínú férémù igi tó wúwo, lórí ìṣó gígùn tí wọ́n kàn lẹ́yìn tí wọ́n rẹ́ ògiri bo waya. Bí àwọn ará ilé bá ti ń rí àkàbà Hezekiah lókèèrè ni wọ́n ti máa ń gbé e wọ yàrá.

Kúlúsúmù gbé e sọ̀kalẹ̀. Hezekiah fi fíùsì mìíràn sí bọ́kísì, ó tan iná: páńpù ń kùn. Ó wo ìṣó náà títí.

"Ìyáálé, ẹ gbé wọn padà."

"Ta ni?"

"Bàbá. Ẹ gbé wọn kọ́."

Ó gbé wọn kọ́. Ìṣó tẹ̀ wálẹ̀, fíùsì jó.

Alàájì jáde. "Bàbá mi lo ń sọ pé ó ń ba iná jẹ́?"

"Rárá o, sà. Wọ́n kàn wúwo ni. Ìṣó wọn ló ń kan waya méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣí wọn sápá ibí."

"Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀ yẹn. Waya ni kó ṣípò."

Hezekiah fọ́ ògiri, ó gbé waya gba ibòmíràn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Táńkì kún, páńpù dúró fúnra rẹ̀, Bàbá sì wà lórí ìṣó.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alàájì ń sọ fún gbogbo ènìyàn: "Ọkùnrin yẹn mọṣẹ́. Àmọ́ bàbá mi ló fi ibi tó bàjẹ́ hàn án."

Wọ́n bi Hezekiah. Ó ní òótọ́ ni, àwọn jọ ṣe é ni. Ó sì lọ sùn.