Ọ̀sán Tí Ọwọ́ Mi Kan Etí

Ọmọ mi, lánàá tí ìwọ àti ọkọ rẹ ń jiyàn bóyá kó gba iṣẹ́ ni àbí kó padà sí yunifásítì, òórùn káńfọ̀ inú àpótí rẹ̀ gbé mi lọ sí ọ̀sán ọjọ́ kan ní Adó.

Bàbá mi ń di ẹrù. Iṣẹ́ akọ̀wé ti dé fún un, àmọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìbàdàn náà ti pè é.

Ìyá mi ní, “Bàbá Ìyábọ̀, ẹ gba uṣẹ́ yìí. Ṣé ká tún padà sóko Ìgèdè ni?”

“Ọdún mẹ́ta péré ni.”

“Péré? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa pọn ọmọ roko?”

Èmi wà níta, mò ń na ọwọ́ kọjá àárín orí, torí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí òdìkejì ni ilé-ìwé ń gbà. Ló bá kàn án! Mo sáré wọlé. “Bàámi, ẹ wò ó!”

Kò wojú mi. Ìyá mi ló ní, “Wá kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọn àbúrò rẹ, tí mo bá lọ sóko.”

Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n fi yẹ́ mi sí ni.

Nígbà tí Bàámi fi dé láti Ìbàdàn, mo ti dàgbà ju kíláàsì kìíní lọ. Ó di tíṣà, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé.