Wọ́n Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Pé Ara Sàdíátù Le

Sàdíátù Adéyọmí kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ìka ẹsẹ̀ ló pa á. Ẹ má rò pé mo ṣì í kọ. Ìka ẹsẹ̀ ló pa obìnrin kan ní Dublin, láyé òde òní, nínú ìlú tí dókítà pọ̀ sí tó báyìí.

Àdúgbò Hartstown ní Dublin níbí lèmi àti ẹ̀ ti mọra, nígbà tí gbogbo wa ṣì ń retí ìwé tí ìjọba yóò fi gbà wá sílùú. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ríṣẹ́, ọdún méjìdínlógún ló sì fi ṣe é. Ẹsẹ̀ àwọn ìyá arúgbó ló ń wẹ̀. Á nù ún gbẹ, á fi ìpara pa á, á wá wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn fún wọn. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó mọ ẹsẹ̀ àwọn ará Ireland ju ojú wọn lọ, á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ta ló bá a wo ẹsẹ̀ tirẹ̀?

Ó di ọdún mẹ́ta tí ẹ̀rọ amúlégbóná ti kú nínú fúláàtì rẹ̀ ní Phibsborough. Ògiri ń làágùn, òtútù ń tinú ilẹ̀ wá. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, wọ́n pọ́n bíi tàtàṣé, wọ́n ń yún un, wọ́n ń ta á. Chilblains ni wọ́n ń pè é níhìn-ín. Àwa ò lórúkọ fún un, torí òtútù ilé wa kì í ṣe irú ìkà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ló ń fi omi tútù ẹ̀rọ ṣe àlùwàlá, bí ẹsẹ̀ bá sì ti ń ro ó, á ṣe ohun tí ìyá kálukú wa kọ́ wa: á bu omi gbígbóná sínú báàfù, á da iyọ̀ sí i, á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni Lateef, dókítà kan láàárín wa, tó ṣàlàyé fún mi pé ooru òjijì bẹ́ẹ̀ ń dá kún un ni. Ó ní díẹ̀díẹ̀ la fi ń mú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ móoru. Mo bi í pé kí wá ni oògùn rẹ̀. "Ilé tó gbóná ni, ẹ̀gbọ́n," ló dá mi lóhùn.

Ilé tó gbóná náà ni Sàdíátù bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló pe àjọ tó ni fúláàtì náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, Màríàm ọmọ rẹ̀ gba ìwé àkọsílẹ̀ wọn, ó sì kà á fún mi ní pálọ̀ fúláàtì yẹn, tòun ti kóòtù lọ́rùn. Bí Sàdíátù bá ti pè wọ́n, wọ́n á ní àwọn á pè é padà. Wọ́n á sì pè é lóòótọ́: "How are you keeping?" ṣé ara le? Òun á ní, "I'm grand, thank God," ara òun le, a dúpẹ́. Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ta ni nínú wa tí wọ́n kí, tí yóò fi ìrora dáhùn? Ọpẹ́ là ń kọ́kọ́ dá, lẹ́yìn náà la tó ń sọ̀rọ̀. Kó tó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ pé ara rẹ̀ le, wọ́n á sì pa ìwé dé. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ.

"She was only being polite, Uncle," Màríàm wí. "She couldn't get her shoes on. Did nobody think to come and look?"

Mi ò lè dá ara mi láre. Ní oṣù Kejìlá, mo rí i ní Moore Street, ó ń ra ẹja gbígbẹ, sálúbàtà ló wọ̀ nínú òtútù yẹn. Mo ní, "Ìyá Màríàm, ẹsẹ̀ ńkọ́?" Ó ní, "A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run ń ṣe é." Èmi tí mo mọ ohun tó lè wà lábẹ́ a dúpẹ́, mo bá tèmi lọ. Ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni ilé, èmi kọ́ ni mo pa ìwé dé.

Ìka náà bẹ́, ó kẹ̀, ibà dé. Ìgbà tí wọ́n fi gbé e dé ọsibítù, oró ti dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ọjọ́ kẹrin ló dákẹ́.

Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Àjọ yẹn fi òdòdó ránṣẹ́, wọ́n ní ó dun àwọn gan-an. Òdòdó náà ṣì wà ní pálọ̀ títí dòní, kò tíì rọ. Òtútù ilé náà ni kò jẹ́ kó rọ.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Màríàm ṣì ń gbé inú ilé yẹn, ẹ̀rọ ṣì kú. Lọ́jọ́ Àìkú, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ hàn mí. Ọmọ ìka méjì ti pọ́n. Mo ti pe àjọ náà, mo ti kọ lẹ́tà sí kánsù àti sí aṣòfin àdúgbò. Ta ló tún kù tí mo fẹ́ pè? Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì ní ọgbọ́n kankan mọ́.

Ẹ̀yin àjọ tẹ́ ẹ ni ilé, ẹ dárúkọ ẹni tó pa ìwé Sàdíátù dé, kó jáde wá sọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ lójú Màríàm. Ẹ tún ẹ̀rọ yẹn ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má sì pe Màríàm láti béèrè bí ara ti rí, ìyá rẹ̀ ló jọ, yóò ní òun wà grand. Ẹ wá síbẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.